Mú Ègé Aṣọ Dání

Ìyá mi ta òwú ìránṣọ, zíìpù àti bọ́tìnnì ní ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹnì kan bá dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀ tó ní kó ta òwú aláwọ̀ ewé fún òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ègé aṣọ rẹ dà?" Bí onítọ̀hún kò bá mú ègé aṣọ tó fẹ́ rán dání, ìyá mi kò ní tà. Á ní kó padà lọ mú un wá. Àwọn kan á bínú, wọ́n á yà sí ìsọ̀ kejì, owó á sì bá wọn lọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, orí àpótí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, ó sì máa ń dùn mí. Bí mo bá bi í léèrè, á ní, "Ewé wo? Ewé ẹ̀fọ́ ni, àbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀? Bó bá délé tí òwú ò bá aṣọ mu, ṣé á tún padà sọ́dọ̀ mi?"

N kò rántí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ títí di ọdún tí mo ra RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí ìkankan nínú wọn kò bá kọ̀ǹpútà mi mu. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí mo rí i pé ohun tó ṣe mí ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn, owó tí wọ́n sì fi òógùn wá ló ń bá a lọ.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe lọ́nà Fọlágbadé. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì, bánà, ohun tí oníbàárà bá gbé wá ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú á mọ ìgbà tí irú iṣẹ́ yìí máa ń le jù. Bí Iléyá bá ti ku bí oṣù kan, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, á ti máa múra Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á fẹ́ bánà tí àwòrán àwọn olóyè rẹ̀ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti fìlà, kí ojú kálukú sì hàn kedere. Ẹ ò lè sọ fún bàbá tó ti náwó sí aṣọ bẹ́ẹ̀ pé ojú rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ nínú àwòrán.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù tókunbọ̀ ni mo fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Core i5 ìran kẹrin ti iléeṣẹ́ Intel, pẹ̀lú RAM 4GB tó bá a wá. Fún ìwé ètò ìsìnkú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bánà ń pa á lára, mo sì ti wá ṣe ìṣirò ìdí rẹ̀. Bánà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, jẹ́ ínṣì 120 sí 72. Bí a bá fi àmì 150 sínú ínṣì kọ̀ọ̀kan, àmì 18,000 ló máa wà ní ìbú, 10,800 ní gíga. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 194. Àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, báìtì kan fún àwọ̀ kan, nítorí náà abala kan nínú iṣẹ́ náà á gba nǹkan bí 778MB. Abala kan ṣoṣo o. Èmi sì máa ń to abala mẹ́fà tàbí méje léra wọn: ààfin lẹ́yìn, ẹṣin níwájú, àwòrán àwọn olóyè, òjìji, lẹ́tà. 4GB tí Windows fúnra rẹ̀ ti jẹ nínú rẹ̀, níbo ló fẹ́ kó gbogbo ẹrù yẹn sí?

Ohun tí RAM ń ṣe kò ṣòro láti yé ọmọ ilé wa. Àká ni hádì dísìkì, odó ni RAM. Iṣu inú àká lè kún dé àjà, bí a ò bá tíì kó o sínú odó, a ò lè gún un. Bí odó bá kéré tí àlejò sì pọ̀, díẹ̀díẹ̀ là ń gún un, à ń kó o jáde, à ń kó òmíràn sí i, ebi á sì ti máa pa àwọn tó jókòó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Windows ń ṣe bí RAM bá kún: á máa kó ohun tí kò lò lọ́wọ́ lọ sórí hádì dísìkì, á tún máa kó o padà bọ̀. Dísìkì onírin tó ń yí kò sì lè sáré bá RAM láéláé. Iná kékeré iwájú ẹ̀rọ mi á máa ṣẹ́jú láìsinmi, ọwọ́ mi á wà lórí máòsì, n ó máa wò ó. Nígbà mìíràn màá lọ sí ìta lọ ra bọ́ọ̀lì, màá jẹ ẹ́ tán kí àwòrán kan tó ṣí.

Lọ́jọ́ kan, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí Iléyá, mo ti ṣe bánà ẹgbẹ́ kan dé ibi tó dára, iná lọ. N kò tíì tẹ ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ láti bí wákàtí kan, torí gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á dákú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ bá iná lọ.

Mo ti wá mọ ìdí tí RAM kì í fi í rántí nǹkan kan bí iná bá lọ, ó sì jọ mí lójú. Robert Dennard, ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ló ronú kan irú mẹ́mọ́rì yìí ní 1966, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1968. Bíìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń rántí, jẹ́ ìwọ̀nba iná tín-ín-rín tí wọ́n dá sínú nǹkan kékeré kan tó dà bí kèrègbè. Ṣùgbọ́n kèrègbè náà ń jò. Kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má baà gbẹ, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa pọn omi kún gbogbo wọn padà, kó sì yí wọn ká tán láàárín ìdá 64 nínú 1,000 ti ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé ó ń ṣe é ju ìgbà 15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tọ̀sán tòru, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn. Bí iná bá lọ, kò sí ẹni tó máa pọnmi mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó fi RAM kún ẹ̀rọ mi.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà sí kò jìnnà sí mi. Mo ní mo fẹ́ RAM 8GB fún dẹ́sítọ́ọ̀pù. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Àǹtí, DDR4 ló ń lọ báyìí o, òun ló yá jù." Ó yá jù, ó sì tuntun jù, èmi náà gbà pé ó dára jù. Mo sanwó. Mo délé, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo gbé e síbi tó yẹ kó wọ̀, kò wọlé. Mo yí i padà, kò wọlé. Mo fẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọ̀ ọ́ tipátipá, Ọlọ́run ló ní kí n dáwọ́ dúró.

Kò lè wọlé, wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nísàlẹ̀ RAM, níbi tí eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà tò sí, ibì kan wà tí wọ́n gé sínú díẹ̀. Nínú ihò tó máa wọ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, èèkù kékeré kan wà tó bá ibi gígé yẹn mu. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn DDR ló ń sọ ìran tí RAM jẹ́, ìran kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tí wọ́n gé tirẹ̀. DDR2 àti DDR3 ní eyín 240 lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé wọn ò bára mu. DDR4 àti DDR5 ní 288, wọn ò sì lè wọ ihò ara wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fìyà jẹ wá o. Iná tí wọ́n ń mu ló yàtọ̀: DDR3 tó jáde ní 2007 ń lo fóltì 1.5, DDR4 tó tẹ̀ lé e ní 2014 ń lo 1.2, DDR5 tí wọ́n fi ìlànà rẹ̀ síta ní 2020 ń lo 1.1. Iná tó ń bọ́ àgbà á pa ọmọ. Nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ́ "ìran tuntun ló dára jù" fún ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀. Ìran tí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ní ni tirẹ̀ títí ayé.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n nawọ́ sí ìwé tó wà lára ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Mo wá fi ọgbọ́n kún un, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ báyìí pé DDR3 ni tèmi. Ẹnì kan ń lọ sí Èkó, mo ní kó bá mi ra 8GB DDR3 bọ̀. Ó rí òkan tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí àwọn yòókù ń pè. Inú mi dùn. Ó gbé e dé, mo tì í bọ ihò, ó wọlé wẹ́rẹ́, àwọn ọwọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dì í mú, ó dún "kà!" Mo tan ẹ̀rọ. Fáànù yí, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, ìró kan sì bẹ̀rẹ̀: píì, píì, píì.

Mo yọ ọ́, mo dá 4GB àtijọ́ nìkan padà, ẹ̀rọ tàn. Mo tún fi tuntun sí ihò kejì, píì, píì, píì. Mo fi ìrésà nu àwọn eyín wúrà rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò, asán ni. Ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá wò ó, ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù mi ti ń kú lọ, kí n wá owó òmíràn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù sí Iléyá. N kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bọ̀ọ̀dá mi kan wà ní Ṣágámù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ẹ̀rọ náà lé itan, mo wọ mọ́tò lọ bá wọn. Wọn ò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ. Wọ́n gba RAM tuntun yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n sì dá a padà fún mi.

"Kí lo ní o rà?"

"Wọ́n ní 8GB DDR3 ni, bọ̀ọ̀dá mi."

"Wọn ò parọ́. Ka ìyókù."

Mo wo ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ ilé ìwé: 8GB 2Rx4 PC3-10600R.

"Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ńkọ́?"

"R ni."

"R yẹn ló ń sunkún nínú ẹ̀rọ ẹ. Mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ kò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n ní kí n jókòó. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò tíì rí ẹni tó ń ta RAM tó sọ ọ́ fún oníbàárà rí, ó sì ń dùn mí, torí gbogbo rẹ̀ wà lára ìwé pélébé yẹn. R yẹn fi hàn pé RAM sáfà ni, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Lára RAM sáfà, ẹ̀yà kan wà láàárín tó máa ń gba àṣẹ kó tó jíṣẹ́ fún àwọn yòókù, bí ìránṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Sáfà lè ní RAM mẹ́wàá, méjìlá nínú ẹ̀ẹ̀kan, èrò pọ̀ níbẹ̀, ó nílò ìránṣẹ́. Dẹ́sítọ́ọ̀pù bí irú tèmi ò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Á bá RAM sọ̀rọ̀ tààrà, ìránṣẹ́ ò gbọ́ èdè rẹ̀, wọn ò ní yé ara wọn láé. Eyín méjèèjì jẹ́ 240, ibi tí wọ́n gé wọn bára mu, ìdí nìyẹn tó fi wọlé wẹ́rẹ́. Èyí tí mo nílò gbọ́dọ̀ parí pẹ̀lú U.

Wọ́n tún ní kí n ka àwọn nǹkan dúdú kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Mo kà wọ́n: 18 lójú kan, 18 lójú kejì. Ti 4GB mi àtijọ́ jẹ́ 8 péré. Wọ́n ní àwọn RAM sáfà máa ń ní ìkẹsàn-án lórí mẹ́jọ mẹ́jọ, tó ń ṣọ́ àwọn yòókù kí wọ́n má ṣàṣìṣe, nítorí náà bí èèyàn bá kà á tó bá 9, tàbí 18, tàbí 36, kó yára wo lẹ́tà ìkẹyìn dáadáa kó tó sanwó. Bí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun bá pààrọ̀ sáfà wọn, irú RAM bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ lọ́jà, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi máa ń wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"10600 yẹn ńkọ́?" ni mo béèrè.

Bọ̀ọ̀dá mi mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ríṣíìtì kan. RAM tí wọ́n ń pè ní 1333 ń gbé ẹrù ní ìgbà mílíọ̀nù 1,333 ní ìṣẹ́jú àáyá, báìtì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. 1,333 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 10,664, wọ́n gé e kù sí 10600. Èyí tó ń jẹ́ 1600, lọ́nà mẹ́jọ, 12800 ni. Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pe nǹkan kan náà ni, ìyẹn ló sì ń da orí èèyàn rú lọ́jà: ẹnì kan á ní òun fẹ́ 1600, wọ́n á fi 12800 hàn án, á rò pé òmíràn ni. Bí èyí tó yára bá sì bá èyí tí kò yára tó o pàdé nínú ẹ̀rọ kan, èyí tó yára ló máa rọra rìn. Wọn ò ní jà, àfi pé owó tí èèyàn fi ra eré ìje yẹn kò wúlò fún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ mi. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì nu eruku, wọ́n fi ìka hàn mí ibi tí wọ́n kọ H81 sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Ìyẹn sọ fún wọn pé ihò méjì ló ní, pé 8GB ni ihò kọ̀ọ̀kan lè gbà, pé 16GB sì ni òpin rẹ̀. Ká ní mo ti ra ẹyọ kan tó jẹ́ 16GB ńkọ́? Owó ìkẹta ì bá bá tàwọn méjì àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n wá yọ 4GB àtijọ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìwé pélébé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, síbẹ̀ ó ṣeé kà: 4GB 1Rx8 PC3-12800U. Gbogbo ohun tí mo ti ń wá kiri wà níbẹ̀. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ mi látọjọ́ tí mo ti rà á.

"Ṣé o mú eléyìí dání nígbà tó o lọ ra òmíràn?"

N kò lè dáhùn. Ìyá mi ni mo rí, lórí àga kékeré rẹ̀ ní Òkè-Àjẹ, tó na ọwọ́ sí oníbàárà pé kó mú ègé aṣọ rẹ̀ wá. Èmi tí mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún wọ̀nyẹn, tí mo ń ka iye owó tó ń lé lọ, mo lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mejì láìmú ègé aṣọ dání. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Mo béèrè o, ìbéèrè mi pọ̀, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ń tajà ni mo ti ń béèrè, n kò bi ẹ̀rọ tó fẹ́ lò ó.

Ẹni tí kò bá sì lè ṣí ẹ̀rọ, ó lè bi í láti orí Windows. Kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kó lọ sí Performance, kó tẹ Memory. Ìyára rẹ̀ wà níbẹ̀, iye ihò tó wà àti iye tó ti kún wà níbẹ̀, bóyá ti dẹ́sítọ́ọ̀pù ni tàbí ti láàpútọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan tún wà tó ń jẹ́ CPU-Z, ọ̀fẹ́ ni, òun ló máa sọ bóyá DDR3 ni tàbí DDR4, àti ohun tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kingston pàápàá, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe RAM, ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè kọ orúkọ ẹ̀rọ rẹ̀ sí, tí wọ́n á sọ èyí tó bá a mu. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn ìwé pélébé yẹn jù, torí ó ṣeé mú dání dé iwájú ọlọ́jà, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn.

Ní Ṣágámù níbẹ̀ ni a ti lọ rà á. Mo di 4GB mi sínú bébà, mo gbé e fún ẹni tó ń tà á láìsọ̀rọ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wọ yàrá inú lọ, ó mú òkan jáde. 8GB 2Rx8 PC3L-12800U ló wà lára rẹ̀. Mo rí L tí kò sí lára tèmi, àyà mi já, mo gbé ojú sókè wo bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní L yẹn ń sọ pé ó lè lo fóltì 1.35, ó sì lè lo 1.5 bí tàwọn yòókù, ẹ̀rọ tèmi gbà á. Ìran kẹfà Intel ló yẹ kéèyàn ti ṣọ́ra jù, torí àwọn tó ń lo DDR3 nínú wọn, èyí tó ní L ni wọ́n ń fẹ́.

Kí wọ́n tó fi í sí i, wọ́n yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, wọ́n sì fi ọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ. Iná ara èèyàn, tí a kì í rí, tó máa ń ta wá nígbà ọyẹ́ bí a bá ń bọ́ aṣọ, tó láti ba RAM jẹ́. Ẹ̀rọ tàn. 12GB. Mo ti rò pé 4GB àti 8GB ò ní lè gbé pọ̀, pé dandan ni kí wọ́n dọ́gba. Ó dára kí wọ́n dọ́gba, torí ọ̀nà méjì ló wà láàárín RAM àti ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹrù á sì máa gba ọ̀nà méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà bí ihò méjèèjì bá ní ohun kan náà. Ṣùgbọ́n Intel ti ṣètò rẹ̀ fún irú ẹ̀rọ mi pé 4GB nínú èyí tó tóbi á bá 4GB kejì rìn lọ́nà méjì, 4GB tó ṣẹ́ kù á gba ọ̀nà kan. Fún iṣẹ́ mi, ó tó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, sórí fláàṣì, mo ní kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò rí àṣìṣe kankan. Bánà tó gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ náà sì gbé e lọ sí Ojúde Ọba. Mo rí i látòkèèrè láàárín èrò. Mo rí ojú gbogbo wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń béèrè ègé aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀ RAM, wọ́n sì ń wá. Olùkọ́ kan wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní òun fi 4GB kún 4GB, Windows 7 rẹ̀ sì ní 3GB àti díẹ̀ péré ni òun rí lò. RAM rẹ̀ pé. Windows oníbíìtì 32 ló ń lò, ìyẹn ò sì lè kọjá 4GB bó ti wù kó rí. Oníbíìtì 64 ni a gbé sí i, wàhálà tán. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìjagun ra ti láàpútọ́ọ̀pù fún dẹ́sítọ́ọ̀pù, kékeré ni, kò ju bí ìdajì lọ, ó rò pé ẹ̀yà tuntun ni. Èyí tó dùn mí jù ni ti bàbá kan tó ní ẹ̀rọ Intel àtijọ́ tó ń lo DDR2. Wọ́n ta 4GB kan fún un lówó pọ́ọ́kú, irú èyí tó jẹ́ pé mọ́dábọ́ọ̀dù àwọn ẹ̀rọ AMD, orogún Intel, nìkan ló lè kà á. Ó wọlé, kò ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún bàbá náà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Inú máa ń bí mi sí irú ọjà títà yẹn. Ẹni tó ń tà á mọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá bi bàbá yẹn. Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i báyìí, torí láti ìparí 2025 ni owó RAM ti ń gòkè kárí ayé: Samsung, SK Hynix àti Micron, àwọn mẹ́ta tó ń ṣe é jù, ń fi agbára wọn ṣe mẹ́mọ́rì fún àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣiṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Àṣìṣe tí mo ṣe nígbà yẹn, ẹni tó bá ṣe é lónìí á san jù mí lọ.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń rọ̀ mí láti ọjọ́ yìí pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú ra 8GB kejì, kó pé 16." Mo rò ó. Owó tí n bá fi rà á, SSD ni mo fi rà, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, torí dísìkì onírin yẹn ló ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn ju RAM lọ báyìí, SSD sì ṣeé yọ kúrò bí mo bá ra ẹ̀rọ mìíràn lọ́la. DDR3 ò ní lè bá mi lọ síbẹ̀. Nítorí náà 4GB àtijọ́ ṣì wà nínú ihò kejì. Ìwé pélébé ara rẹ̀ ti pa rẹ́ tán, mo sì ti fi bírò kọ ohun tó wà níbẹ̀ sínú ìdérí ẹ̀rọ, lẹ́tà U sì tóbi ju àwọn yòókù lọ.